Ọmọ́tádé, Má Lóyún Nítorí Wa

Ilé wa ní Ìdànrè,
Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn tí mo ti ti ṣọ́ọ̀bù.

Ọmọ́tádé Àbẹ̀kẹ́, ọmọ tí mo bí, tí mo tún rí gbà padà,

Mo kí ọ. Ṣé o jẹun? Ṣé o ti lo oògùn àárọ̀ àti ti ọ̀sán? Bí o kò bá tíì lò ó, gbé ìwé yìí sílẹ̀, lọ lò ó ná, kí o tó padà wá kà á. Mo lè dúró. Ìwé kì í bínú.

Bàbá rẹ ló máa mú un wá fún ọ ní Àkúrẹ́, nígbà tó bá ń bọ̀ wá wo ilé tí ìwọ àti Akínwálé fẹ́ kó sí lẹ́yìn ìgbéyàwó. Ó bi mí pé kí ló dé tí mi ò pè ọ́. Mo ní ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ fóònù. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ lórí fóònù, wàá ní, "Mọ́mì, nẹ́tíwọ̀kì ò dáa, mi ò gbọ́ yín mọ́," ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀. Ṣé o rò pé mi ò mọ̀ ni? Nínú ìwé, kò sí nẹ́tíwọ̀kì. O máa kà á tán.

Ọ̀rọ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Sátidé ni. Ìyá Akínwálé wá kí wa láti Ofosu. Ó gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹja gbígbẹ wá, ó sì mú ọ̀já tuntun kan jáde nínú báàgì rẹ̀, ó tẹ́ ẹ lé ọ lórí ẹsẹ̀. Ó ní, "Ìyàwó mi, ẹ̀yìn ìyàwó ò ní mẹní o. Oṣù mẹ́sàn-án sí ọjọ́ ìgbéyàwó, a ó wá jẹ ìkómọ." Bàbá rẹ ní àmín. Èmi náà ní àmín. Ìwọ kúnlẹ̀, o dúpẹ́, o rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó ṣe ohun burúkú níbẹ̀. Àdúrà tí wọ́n ń gbà fún gbogbo ìyàwó ni, wọ́n gbà á fún èmi náà, ó sì ṣẹ mọ́ mi lára.

Nígbà tí àlejò lọ tán, mo wọ yàrá láti wá mú sísọ́ọ̀sì, mo bá ọ níwájú dígí. O gbé ìrọ̀rí sẹ́yìn, o fi ọ̀já yẹn gbà á. O rí mi nínú dígí, o ò sì tú u. O ní, "Mọ́mì, ṣé kí n gbìyànjú ẹyọ kan péré? Akínwálé ò ní mọ̀ títí tó fi máa hàn. Ara mi ti le."

Mo mú sísọ́ọ̀sì mi jáde, o sì rò pé inú ló bí mi. Kò bí mi. Ẹ̀rù ló bà mí, mi ò fẹ́ kí o rí i. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ, sùtánà àwọn ará ìjọ á wà lọ́wọ́ mi, ọkàn mi ò ní sí níbẹ̀. Lónìí, mo rán apá òsì mọ́ ọ̀tún. Ìdí rèé tí mo fi ń kọ̀wé. Má lóyún, ọmọ mi. Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyẹn, mo sì ti sọ ọ́. Gbogbo ìyókù jẹ́ ìtàn àti ìmọ̀ràn, kí o lè mọ̀ pé mo rò ó dáadáa kí n tó sọ ọ́.

Jẹ́ kí n rán ọ létí ibi tí a ti ń bọ̀, torí ìwọ ò mọ̀ ọ́n tó wa. Ìwọ sùn, àwa la ò sùn. Wọ́n bí ihò mọ́ ọ nínú ọkàn, a ò mọ̀, títí o fi wọ yunifásítì tí o bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sórí àtẹ̀gùn kí o tó dé kíláàsì. Ní ilé ìwòsàn ńlá tí a gbé ọ lọ ní Èkó, wọ́n ṣí àyà rẹ, wọ́n dí ihò náà. Dókítà jáde, ó ní iṣẹ́ náà dára. Bàbá rẹ ti ń wá ibi tó ti máa ra mínírà mu. Kò pẹ́ tí wọ́n tún pè wá. Wọ́n ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ọ ni ẹ̀jẹ̀ ti ń ya gba ojú ihò yẹn, tó ń rọ́ wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ ju bó ṣe yẹ lọ, tí àwọn iṣan ibẹ̀ sì ti le, tí wọ́n ti fún. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, wọ́n tún wá há mọ́ra pátápátá. Ọkàn rẹ ń ti ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ò lọ.

Ẹ̀rọ kan ti ń bá ọ mí. Wọ́n ní ìyẹn nìkan ò tó mọ́. Wọ́n wá so ọ́ mọ́ èkejì, tó ń gba ẹ̀jẹ̀ jáde lára rẹ, tó ń fún un ní atẹ́gùn, tó sì ń dá a padà, kí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró rẹ lè sinmi. Wọ́n jẹ́ kí a wọlé wò ọ́. Mo rí ọ̀pá rọ́bà méjì. Ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde nínú ọ̀kan dúdú, èyí tó ń padà nínú èkejì pọ́n bí ata. Mo rí ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi lẹ́yìn òde ara ọmọ mi. Mo ní, "Bàbá Ọmọ́tádé, ṣé èyí náà ni wọ́n ń pè ní ìwòsàn?" Ó ní, "Tó bá ṣáà ti ń padà wọlé, a ò ní bá wọn jà." Ojú rẹ̀ ti pọ́n, ṣùgbọ́n ó ń gbìyànjú láti pa mí lẹ́rìn-ín. Irú ọkọ tí mo fẹ́ nìyẹn, ó sì dà bíi pé irú ẹ̀ ni ìwọ náà rí.

A gbàdúrà. Bàbá Àpọ́sítélì ìjọ wa gbààwẹ̀ pẹ̀lú wa láti ìhín. Díẹ̀díẹ̀, wọ́n ní iṣan ń rọ̀, wọ́n yọ ẹ̀rọ ńlá yẹn. Ọjọ́ tí o lajú, rọ́bà ṣì wà lọ́nà ọ̀fun rẹ, o ò lè sọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì ní kí n di ọwọ́ rẹ mú, kí n bi ọ́ bóyá o mọ̀ mí, kí o fún ọwọ́ mi bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni. O ò fún un. O gbé ìka sókè, o ń nà án sí orí mi. Àṣé gèlè mi ló wọ́! Mo sunkún títí nọ́ọ̀sì fi ní kí n jáde. Ọmọ tó lajú láti ẹnu ikú, gèlè ìyá rẹ̀ ló ń tún ṣe.

Ọjọ́ tí wọ́n dá wa sílẹ̀, dókítà obìnrin yẹn jókòó tì wá, kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ó ní ihò ti dí o, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ṣì ń fi agbára kọjá nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ, oògùn ló ń dì í mú. Ó ní oyún máa ń sọ ẹ̀jẹ̀ obìnrin di púpọ̀, ọkàn tó ń fi ìnira ti ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan kò ní lè ti ẹ̀jẹ̀ ẹni méjì. Ó ní àwọn obìnrin tó ní irú àìsàn yìí máa ń kú nínú oyún, tàbí lórí ìkúnlẹ̀, tàbí kété tí wọ́n bá bí i tán tí gbogbo ilé ń jó. Akínwálé náà gbọ́ ọ ní etí ara rẹ̀ nígbà tó tẹ̀ lé ọ lọ sí kílíníìkì. Ó ní ìwọ lòun fẹ́, òun ò fẹ́ ilé ọmọ. Nítorí náà, èyí tí o ní kò ní mọ̀ yẹn, ẹ̀tàn ni. Má bá ọmọ ọlọ́mọ bẹ̀rẹ̀ ilé báyẹn.

Ó yá, ìmọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀.

Èkíní, má fi ara rẹ hàn fún ẹnikẹ́ni bí akíkanjú ìyàwó. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé bàbá rẹ, ibà dá mi dùbúlẹ̀ lákòókò tí wọ́n ń ká kòkó. Mo gbọ́ tí wọ́n ń múra oko, mo dìde, mo gbé agbọ̀n, torí mi ò fẹ́ kí wọ́n pè mí ní ọ̀lẹ. Nígbà tí a ń bọ̀, mo ṣubú, kòkó tútù dà káàkiri ojú ọ̀nà. Ìyá ọkọ mi, ìyá àgbà tó sọ ọ́ lórúkọ, wò mí, ó ní, "Ta ló rán ọ níṣẹ́?" Mo ronú títí, mi ò rí ẹni kankan. Ẹrù tó ń pa ìyàwó tuntun, Àbẹ̀kẹ́, ìdajì rẹ̀ ni kò sẹ́ni tó gbé e rù ú. Ìyá Akínwálé gbàdúrà ni, kò pàṣẹ.

Èkejì, jẹ́ kí ìyá ọkọ rẹ mọ̀. Akínwálé ni kó sọ ọ́, kí ìwọ jókòó tì í, kó sì jẹ́ ṣáájú ìgbéyàwó. Òtítọ́ korò, mo mọ̀. Ó ṣeé ṣe kí ó sunkún, ó ṣeé ṣe kí ó bínú. Jẹ́ kó ṣe é. Ó rò pé òun ń bọ̀ wá gbọ́mọ pọ̀n ni. Ẹni tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá bọ́ mọ́ lọ́wọ́, ó lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹkún. Ṣùgbọ́n bí ẹ ò bá sọ fún un, oṣooṣù ló máa máa wo ikùn rẹ, ìwọ náà á máa sá fún ojú rẹ̀, ibi tí wàá ti ṣe àṣìṣe nìyẹn. Bó bá fẹ́, kó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Màá bá a sọ ọ́ bí obìnrin sí obìnrin, màá sì gún iyán fún un.

Ẹ̀kẹta ni oògùn. Má jẹ́ kí ó tán kí o tó ra òmíràn, má sì dá a dúró lójijì nítorí pé ara rẹ yá. Oògùn ló jẹ́ kó yá. O ò mọ ohun tí ojú mi rí nígbà àkọ́kọ́ tí mo lọ rà á níbí. Mo na ìwé dókítà sí ọkùnrin kẹ́míìsì yẹn, ó kà á, ó gbójú sókè wò mí, ó ní, "Ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́ kẹ̀? Ìyá, ẹ ní kí Bàbá rọra o." Mi ò mọ ohun tó ń sọ. Àfi ìgbà tí mo délé tí mo ròyìn fún bàbá rẹ, tó rẹ́rìn-ín títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí àga, ni mo tó mọ̀ pé oògùn tó ń mú iṣan ẹ̀dọ̀fóró rẹ rọ̀ náà ni àwọn ọkùnrin ń lò fún nǹkan mìíràn. Mo padà lọ bá ọkùnrin yẹn, mo ṣàlàyé fún un níwájú gbogbo oníbàárà. Ó tọrọ àforíjì. Bàbá rẹ ní kí ni mo lọ ṣàlàyé fún, pé òun ti ń gbádùn bí wọ́n ṣe ń kí òun ní àdúgbò. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí o má tijú oògùn rẹ. Sọ fún Akínwálé pé tìrẹ ni, kì í ṣe ti ilé.

Ẹ̀kẹrin, máa rìn. Nígbà tí a kọ́kọ́ dé láti Èkó, èmi ni mo fẹ́ ba iṣẹ́ jẹ́. Obìnrin tó ń kọ́ ọ ní ìrìn nílé ìwòsàn ti sọ pé kí o máa dìde, kí o máa wẹ̀ fúnra rẹ, kí o máa rìn díẹ̀ lójoojúmọ́. Èmi ò gbà. Mo ń gbé oúnjẹ lé ọ lórí ẹsẹ̀, mo ń bá ọ ya irun, mo ń fẹ́ ọ bí ẹni ń fẹ́ iná. Gbogbo àdúgbò ń sọ pé, "Ẹni tí wọ́n la àyà rẹ̀, ṣé ó yẹ kó rìn?" Mo ń dá wọn lóhùn pé rárá o. Nígbà tí a padà lọ fún àyẹ̀wò, obìnrin yẹn ní kí o rìn, o ò lè dé ẹnu ọ̀nà. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Màmá, ṣé ẹ fẹ́ kó máa mí ni, àbí ẹ fẹ́ kó máa jókòó?" Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé egungun, ṣùgbọ́n ó là mí lójú.

Ìgbà yẹn ni a bẹ̀rẹ̀. Ní ìlú tí òkè yí po yìí, a wá ojú ọ̀nà tó tẹ́jú títí, kò sí ju èyí tó lọ sí ilé ìjọsìn. A rìn dé ìdí igi máńgòrò, a padà. A rìn dé iwájú ṣọ́ọ̀bù káfíńtà, o jókòó sórí pákó rẹ̀, o ń fẹ́ atẹ́gùn jáde lẹ́nu bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, bí ẹni tó ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná. O máa ń fi ẹ̀rọ kékeré yẹn há ìka kí o lè mọ bí atẹ́gùn ṣe wà lára rẹ. Èmi ò nílò ẹ̀rọ. Orin ni mo fi ń wọ̀n ọ́. Bí o bá lè bá mi sọ̀rọ̀ tí o ò lè bá mi kọrin, ìrìn náà tó. Bí o ò bá lè sọ̀rọ̀ mọ́, a ó jókòó. Ọjọ́ tí a dé ilé ìjọsìn láìjókòó lọ́nà, o bú mi pé mo ti ń mí gùlegùle ju ìwọ lọ. Òótọ́ ni. Ìrìn náà ti tún èmi pàápàá ṣe, ẹ̀yìn mi ò dùn mí mọ́. Àkúrẹ́ tẹ́jú ju ibí lọ, má jẹ́ kí ọ̀kadà sọ ọ́ di ọ̀lẹ.

Mi ò mọ ibi tí mo ka ìmọ̀ràn dé mọ́. Ti ìjọ ló kàn. O rántí ọjọ́ ìdúpẹ́ rẹ? Àṣà wa ni pé ẹni tí Ọlọ́run bá yọ nínú ikú á yí gbirigbiri nílẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé iwájú pẹpẹ. Mo ti rán sùtánà tuntun fún ọ. Àwọn ìyá ìjọ ti tẹ́ ẹní. Bàbá Àpọ́sítélì wo àyà rẹ tí wọ́n gán, ó ní, "Egungun àyà ọmọ yìí kò tíì lẹ̀ mọ́ra. Ta ló máa bá a yí?" Gbogbo ojú yí sí mi. Èmi, pẹ̀lú ìdí mi yìí! Mo yí. Mo kọlu àga akọrin, ìborùn mi bọ́, ìwọ ń rẹ́rìn-ín, o di àyà rẹ mú pé ó ń dùn ọ́. Ìdúpẹ́ náà dé ọ̀run, ó dá mi lójú. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ohun tí ara rẹ ò bá gbé, jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ràn rẹ bá ọ ṣe é.

Ní ìjọ tí ẹ bá ń lọ ní Àkúrẹ́, jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, jìnnà sí èéfín tùràrí. Bí àwọn ọ̀dọ́ bá ní kí ẹ wá gun àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè lọ gbàdúrà, sọ fún wọn pé kí wọ́n kí Ọlọ́run, pé ó wà ní ìsàlẹ̀ pẹ̀lú rẹ. Wòlíì tó bá sì ríran pé kí o da oògùn nù, bi í léèrè ibi tó wà nígbà tí ẹ̀jẹ̀ rẹ ń gba inú rọ́bà kọjá.

Gáàùn ìgbéyàwó rẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Mo bi ọ́ bóyá kí n gbé ọrùn rẹ̀ sókè láti bo àpá, o ní kí n má bò ó. Inú mi dùn sí ìdáhùn yẹn ju bí o ṣe rò lọ.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ọmọ. Mi ò ní purọ́ fún ọ pé kò ní dùn ọ́. Mo rí ojú rẹ nínú dígí. Ó ń wù ọ́, ó sì wu èmi náà. Mo ti ń fi ìrépé aṣọ rán fìlà kéékèèké láti ìgbà tí o ti wà ní yunifásítì, wọ́n wà nínú àpótí mi. Mo kó wọn jáde ní àná, mo gbé wọn fún obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ lẹ́yìnkùlé wa. Mo sunkún díẹ̀, mo sì jẹun lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá yá, tí ìwọ àti Akínwálé bá fẹ́ gba ọmọ tọ́, ẹ gbà á, ọmọ náà á mọ ilé wa. Bí ẹ ò bá fẹ́, ilé yín pé. Mi ò ní bi ọ́, bàbá rẹ ò ní bi ọ́. Ohunkóhun tí o bá rò pé o jẹ wá nípa ọmọ, mo ti dá ọ sílẹ̀ lónìí, mo sì fi orúkọ mi sí i.

Láàárọ̀ yìí, kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, mo lọ bá Bàbá Àpọ́sítélì. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, lọ́jọ́ ìgbéyàwó, kí wọ́n má gbàdúrà ẹ̀yìn ìyàwó fún ọ. Ó yà wọ́n lẹ́nu. Wọ́n ní, "Ìyá Ọmọ́tádé, ìgbéyàwó láìsí àdúrà ọmọ? Kí wá ni kí n tọrọ fún wọn?"

Mo ní kí wọ́n tọrọ pé kí Ọmọ́tádé sin mí.

Wọ́n ní ìyẹn kì í ṣe àdúrà ìgbéyàwó. Mo ní ẹni ọmọ sin ló bímọ, mi ò sì tíì mọ̀ bóyá mo bí. Wọ́n ní àwọn á gbà á. Jọ̀ọ́, ọmọ mi, bí ọjọ́ mi bá dé, mi ò fẹ́ kí ó jẹ́ pé ọmọọmọ ni yóò da erùpẹ̀ lé mi. Ìwọ ni mo fẹ́.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.